Kámẹ́rà yín ò bàjẹ́ mà, ISO ẹ̀ ló há síbì kan

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtokù níbí l'Abẹ́òkúta. Mo ra kámẹ́rà tuntun, mirrorless, lẹ́ńsì 18-55 ló bá a wá, kí n lè máa ya aṣọ mi fún àwọn kọ́sítọ́mà tó ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e sí A, mo yan f/4 bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Tí mo bá yà á níta nínú oòrùn, fọ́tò á funfun báláú, nọ́ńbà 4000 kan á sì máa ṣẹ́jú nísàlẹ̀. Mo tún gbé e lọ síbi ìkómọ àbúrò mi nínú họ́ọ̀lù, gbogbo fọ́tò ló mì, 1/15 ni mo rí lára wọn, f/4 tí mo yàn sì ti di 5.6 fúnra ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, àdìrẹ ẹ̀lú mi tó dúdú dáadáa ń jáde bí èyí tó ti ṣá, léèsì funfun sì ń jáde bí eérú. Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi ni?"

Ẹ kú ọjà o mà, ẹ sì kú oríire ìkómọ. Ẹ má tíì dá a padà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tà á á kàn gbà á lọ́wọ́ yín, á tẹ bọ́tìnnì méjì, fọ́tò á jáde dáadáa, á wá máa wò yín bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan, ojú á sì tì yín lórí ohun tẹ́ ẹ lè jókòó nídìí igbá yín kẹ́ ẹ tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí 4000 tó ń ṣẹ́jú yẹn torí òun ló tú gbogbo àṣírí. 1/4000 ìṣẹ́jú àáyá ni ibi tí shutter kámẹ́rà yín (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé) lè yára dé mọ, kò lè kọjá ibẹ̀, tó bá wá ń ṣẹ́jú, ẹjọ́ ló ń rò fún yín pé ìmọ́lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù fún òun, òun ti sáré dé òpin, kẹ́ ẹ bá òun dín nǹkan kan kù. Kì í ṣe àìsàn. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ní òfin kan tí wọ́n ti ń lò látayé fíìmù, Sunny 16 ni wọ́n ń pè é: tí oòrùn bá ràn gan-an tí kùrukùru ò sí, kí èèyàn gbé aperture (ihò lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, bí nọ́ńbà f ẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni ihò ọ̀hún ń tóbi sí i) sí f/16, kó sì fi shutter sí ìdá kan nínú iye ISO (nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó). Ìyẹn ni pé ISO 100, shutter 1/100. Ó dáa, f/4 lẹ yàn; lórí A, ẹ̀yin lẹ ń yan f, kámẹ́rà ló ń wá shutter tó bá a mu. Láti f/16 bọ́ sí f/11, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé di ìlọ́po méjì, f/8 tún ìlọ́po méjì, f/5.6 bẹ́ẹ̀, f/4 bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ ìlọ́po 16 ni. Shutter náà gbọ́dọ̀ yára ní ìlọ́po 16, 1/100 á di 1/1600. Ṣé ẹ rí i pé 1/1600 ò tíì sún mọ́ 1/4000 rárá? Tó bá jẹ́ ISO 100 lẹ wà lọ́jọ́ yẹn, kámẹ́rà yín ì bá ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún láì laágùn, 4000 ì bá má ṣẹ́jú.

Nítorí náà, bí mi ò tiẹ̀ rí fọ́tò yín, mo mọ̀ pé ISO ti wà lókè. Tí wọ́n bá ní kí n ta tẹ́tẹ́, 1600 ni màá pè. Ní 1600, oòrùn kan náà àti f/4 kan náà á máa bèèrè 1/25600 lọ́wọ́ shutter, níbo ló ti fẹ́ rí i? Á dúró sí 1/4000, ìmọ́lẹ̀ tó ju èyí tó yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà á sì ya wọ inú fọ́tò, aṣọ á funfun, ilẹ̀ á funfun, páànù ilé ẹ̀yìn yín tó ti dógùn-ún láti ọjọ́ aláyé ti dáyé pàápàá á funfun.

Ti họ́ọ̀lù ló jẹ́ kó dá mi lójú. Tó bá jẹ́ pé AUTO ni ISO wà, kámẹ́rà ì bá ti gbé e sókè fúnra ẹ̀ kó tó gbà kí shutter wálẹ̀ dé 1/15. Kò gbé e. Ó dúró síbi tí wọ́n fi í sí, ó wá ń fi shutter wá ìmọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní 1/15, ọwọ́ yín á mì, ẹni tẹ́ ẹ ń yà náà á sì mì, kí wá ni ká sọ ti àwọn tó ń jó bọ̀ wá náwó fún ìyá ìkókó. Ó wá jẹ́ pé ISO kan náà tó pọ̀ jù níta ló kéré jù nínú ilé, wàhálà méjì, ìdí kan ṣoṣo.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, ẹ ṣí fọ́tò méjèèjì lórí kámẹ́rà, ti oòrùn kan, ti họ́ọ̀lù kan, kẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ DISP tàbí INFO sí títí tí gbogbo nọ́ńbà á fi jáde. Ẹ wo shutter, ẹ wo f, ẹ wo ISO. Èyí tí kò yí padà láàárín fọ́tò méjèèjì, tó sì yẹ kó yí, òun ni ọ̀daràn. Èmi máa ń bi àwọn ọmọṣẹ́ mi pé kí ni fọ́tò sọ kí wọ́n tó wá máa ro ẹjọ́ kámẹ́rà fún mi, torí gbogbo ohun tí kámẹ́rà ṣe ló kọ sára fọ́tò, kò fi nǹkan kan pamọ́, èèyàn ni kì í kà á.

Ta ló gbé e síbẹ̀? Ẹni tó tà á fún yín ni mo fura sí. Inú ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣókùnkùn, wọ́n á gbé ISO sókè kí fọ́tò tí wọ́n fi ń dán an wò lè mọ́lẹ̀ lójú kọ́sítọ́mà, wọ́n á wá gbàgbé, ẹ sì lè pa kámẹ́rà nígbà ọgọ́rùn-ún, sẹ́tìn yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé tuntun tẹ́ ẹ ń wí yìí tókunbọ̀ tó mọ́ ni (mi ò bú yín o, tókunbọ̀ ni mo fi ń jẹun), á jẹ́ pé sẹ́tìn ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣì kún inú ẹ̀. Ẹ lọ sínú mẹ́nù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Reset sí, ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Ẹ lè ní láti tún déètì àti àkókò tò.

Ó kan àtúnṣe. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ISO, ẹ yí i sí AUTO. Ẹ má fi mọ síbẹ̀ o. Ẹ wọ mẹ́nù ISO AUTO, ẹ fún un ní òpin: ìsàlẹ̀ 100, òkè 6400. Lẹ́yìn náà ẹ wá Minimum shutter speed, lórí Sony ẹ máa rí i pé ISO AUTO Min. SS ni wọ́n kọ, ẹ fi sí 1/125. Àwọn kámẹ́rà kéékèèké míì ò ní èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, tí tiyín ò bá ní in ẹ fi sílẹ̀ jàre. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún kámẹ́rà báyìí ni pé kó má jẹ́ kí shutter lọ sílẹ̀ ju 1/125 láìjẹ́ pé ISO ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú oòrùn á gbé ISO wá sí 100, á mú shutter bíi 1/1600, ọ̀rọ̀ parí.

Họ́ọ̀lù tiyín yẹn ṣókùnkùn gan-an ṣá, ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín. Láti 1/15 lọ sí 1/125 ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, 1600 á di 3200, á di 6400, á di 12800. Òpin tẹ́ ẹ fún un sì jẹ́ 6400, á jẹ́ pé tó bá dé 6400 tán, shutter á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, á dúró sí bíi 1/60. Ẹ má tún pariwo pé kámẹ́rà ti ya wèrè, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Ẹ lè ṣí òpin yẹn sí 12800 fún ọjọ́ ayẹyẹ. Hóró-hóró á wà lára fọ́tò díẹ̀, kí ló kàn yín, fọ́tò tó ní hóró ṣeé tẹ̀ jáde, èyí tó mì ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Tàbí kẹ́ ẹ fi fláàṣì sí i, kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí àjà tó bá funfun tí kò sì ga jù.

Ti f/4 tó di 5.6, ẹ wo iwájú lẹ́ńsì yín, ẹ máa rí 3.5-5.6 tí wọ́n kọ yí i ká. Ní 18 ó lè ṣí dé f/3.5, tẹ́ ẹ bá wá fà á dé 55, 5.6 ni ibi tó lè ṣí dé mọ, kò ní f/4 níbẹ̀ láti fún yín. Lẹ́ńsì tí kì í yí báyẹn wà, owó ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Fún aṣọ, ẹ má tiẹ̀ lo f/4, f/8 ni kẹ́ ẹ lò kí etí aṣọ àti àárín ẹ̀ lè jọ hàn ketekete.

Ọ̀rọ̀ àdìrẹ tó ń ṣá àti léèsì tó ń di eérú ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ISO ò kan èyí rárá, ẹ lè tún ISO ṣe tán kí aṣọ yín ṣì máa ṣá, ibẹ̀ sì ni owó yín wà.

Kámẹ́rà ò mọ àdìrẹ yàtọ̀ sí léèsì. Ohun tó mọ̀ ni iye ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà wá bá a, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti ilé iṣẹ́ pé tí wọ́n bá po gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò pọ̀, ó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ eérú kan báyìí, èyí tó ń ta bíi 18% ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ wá gbé àdìrẹ tí wọ́n rì bọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún, tó dúdú títí tó fẹ́ máa kọ mọ̀nà, kún ojú ẹ̀. Á ní "há, ibí yìí mà ṣókùnkùn o", á da ìmọ́lẹ̀ sí i títí á fi di eérú. Léèsì funfun ńkọ́, á ní ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, á dín in kù títí òun náà á fi di eérú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ, ẹ tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ya ọ̀kan kó kún gbogbo fọ́tò, ẹ ya ìkejì bákan náà, ẹ wá wo fọ́tò méjèèjì, ẹ ò fẹ́ẹ̀ ní mọ èwo lẹ pa láró. Ìdí nìyẹn tí kọ́sítọ́mà tó wà ní Ìbàdàn fi máa gba aṣọ tán tó máa ní aṣọ míì lẹ fi ránṣẹ́ sí òun, ẹ ò sì ní rí ẹ̀rí kankan mú jáde torí fọ́tò tẹ́ ẹ fi hàn án ló ń gbè é.

Bọ́tìnnì tí wọ́n ya àmì + àti - sí lára lẹ fẹ́ lò. Fún ẹ̀lú tó dúdú gan-an, ẹ fà á sí -1, ẹ wò ó, ó lè jẹ́ -0.7 ló máa bá tiyín mu. Fún aṣọ tí funfun ẹ̀ pọ̀, +0.7 tàbí +1. Kàm̀pálà aláwọ̀ oríṣiríṣi kì í sábà nílò nǹkankan, ẹ fi sí 0. Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí tó bá aṣọ mu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara yín, ẹ̀lú dúdú báyìí, funfun báyìí, ẹ ò tún ní máa méfò lọ́jọ́ míì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sí 0 tẹ́ ẹ bá ṣetán! Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, nǹkan yìí kì í kúrò tẹ́ ẹ bá pa á, ẹ máa ya àdìrẹ ní -1 lónìí, lọ́la ẹ máa gbé e lọ síbi ìyàwó, gbogbo èèyàn á dúdú, ẹ máa tún kọ̀wé sí mi. Nínú àwọn tó ń gbé kámẹ́rà wá bá mi pé ó ya wèrè, àwọn tí àmì yìí wà ní -2 tí wọn ò mọ ìgbà tí ọwọ́ wọn kàn án kì í tán nílẹ̀.

Irú ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ tí mọ̀lẹ́bí bá wọ léèsì funfun tí wọ́n tò síwájú yín, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ nítorí aṣọ, ojú àwa aláwọ̀ dúdú á wá di òjìjí. +0.7 ẹ gbé e, kẹ́ ẹ tan àmì tó máa ń ṣẹ́jú níbi tó bá funfun jù, kí iṣẹ́ ara léèsì má bàa parẹ́. Ojú lẹ máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ ṣá, kò sẹ́ni tó ń ra fọ́tò léèsì. Tó bá jẹ́ orí Òkè Olúmọ lẹ ti ń ya èèyàn tí ojú ọ̀run wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ gbé e sókè tàbí kẹ́ ẹ yí ẹni náà padà kí ojú ọ̀run má kún ẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹ tún wo metering yín, ìyẹn ọ̀nà tí kámẹ́rà ń gbà wọn ìmọ́lẹ̀. Matrix tàbí Evaluative tàbí Multi ni kẹ́ ẹ fi sí, orúkọ tó bá ṣáà wù wọ́n ni wọ́n fi pè é, ẹyọ nǹkan kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá rí àmì tó ní tóótó dúdú kékeré kan ṣoṣo láàárín, Spot nìyẹn, ojú ibi bín-ín-tín yẹn nìkan ló ń wò, kò bìkítà fún ìyókù. Ẹ wá gbé Spot lé àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Tóótó yẹn bọ́ sórí ìlà funfun tí wọ́n fi ẹ̀kọ fà, fọ́tò ṣókùnkùn. Ẹ sún kámẹ́rà ní ìwọ̀n ìka kan, ó bọ́ sórí aró, fọ́tò funfun báláú. Aṣọ kan náà, oòrùn kan náà, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹnì kan ń ṣe yín ni.

Kẹ́ ẹ má tún gba ojú sikirínì gbọ́ nínú oòrùn. Lọ́sàn-án gangan ní Ìtokù, sikirínì á dúdú, ẹ máa rò pé fọ́tò ló dúdú, ẹ máa gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, tẹ́ ẹ bá wá délé lálẹ́ ẹ máa rí i pé gbogbo ẹ̀ ti jóná. Histogram ni kẹ́ ẹ máa wò, àwòrán bí òkè kékeré tó máa ń jáde tẹ́ ẹ bá tún tẹ DISP: tí òkè yẹn bá rún mọ́ ògiri ọwọ́ ọ̀tún, funfun ti pọ̀ jù, tó bá rún mọ́ ọwọ́ òsì, dúdú ti pọ̀ jù, tó bá jẹ́ ẹ̀lú lẹ ń yà, ó yẹ kí òkè náà fì sọ́wọ́ òsì, ẹ má gbìyànjú láti fà á sáàárín. Ibòji tó ṣí sí ojú ọ̀run lẹ sì ti máa ya aṣọ, kì í ṣe inú oòrùn gan-gan, kì í sì í ṣe abẹ́ agbòrùn aláwọ̀ pupa tàbí búlúù, torí àwọ̀ agbòrùn yẹn á lé aṣọ yín lára.

Nǹkan kéékèèké míì wà tó lè ba yín lójijì. Tí fláàṣì bá ń tàn nínú oòrùn, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ò ní jẹ́ kí shutter kọjá 1/200 tàbí 1/250, ní f/4 fọ́tò á funfun bó ti wù kí ISO kéré tó, ẹ pa á tàbí kẹ́ ẹ lọ sí f/11. Tẹ́ ẹ bá rí i pé fọ́tò mẹ́ta-mẹ́ta ń tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kan dáa, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, bracketing ló wà lórí, ẹ pa á. Tí ìlà dúdú bá ń fà kọjá lára fọ́tò lábẹ́ iná LED, iná NEPA tiwa 50Hz ni, gílóòbù á máa ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí ojú wa ò rí i, 1/50 tàbí 1/100 ló máa ń bá a mu, ẹ sì pa shutter tí kì í dún yẹn. Tó bá wá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sì ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, 50Hz ò ní dúró sójú kan, ẹ kàn máa dán 1/60 àti 1/50 wò ni.

Ẹnì kan á wá sọ fún yín pé M (níbi tí èèyàn ti ń yan f àti shutter fúnra ẹ̀) ni àwọn tó mọṣẹ́ ń lò, A ti kéré jù. Ẹ má dá a lóhùn. Èmi ń lo M tí ìmọ́lẹ̀ bá dúró sójú kan, àmọ́ níbi ayẹyẹ tẹ́ ẹ ń wọlé tẹ́ ẹ ń jáde, A pẹ̀lú ISO AUTO tó lópin ló máa gbà yín. Àwọn tó ń fi M yangàn náà, ISO AUTO ló wà lábẹ́ M ọ̀hún fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á yí aperture títí, fọ́tò ò ní mọ́lẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀ ni kò ní dúdú, wọn ò sì ní mọ̀dí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ẹ̀ tọ́kàn yín ò tíì balẹ̀, ẹ lọ síbi tí koríko tútù wà lọ́sàn-án tí oòrùn ràn. Ẹ fi lẹ́ńsì sí 18, A, f/8, ISO 100, àmì + àti - sí 0, Matrix, kẹ́ ẹ jẹ́ kí koríko kún gbogbo fọ́tò. Shutter yẹ kó wà láàárín 1/250 sí 1/500. Ẹ tún ya f/3.5, ẹ ya f/16. Shutter á máa yí padà, àmọ́ koríko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà. Tí f/3.5 bá dáa, tí f/8 funfun, tí f/16 wá funfun jù ú lọ, abẹ̀bẹ̀ kékeré inú lẹ́ńsì tó yẹ kó máa pa dé ni kò pa dé, àbùkù gidi nìyẹn, kò sí mẹ́nù tó lè tún un ṣe. Ẹ gbé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì pọ̀, ẹ má pa fọ́tò koríko mẹ́ta yẹn rẹ́ kúrò nínú káàdì, ẹ kó rìsíìtì dání, ẹ lọ bá ẹni tó tà á kí ọjọ́ tó fún yín tó pé.